Ojú-Ìwé Tí Dúpẹ́ Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan sọ kẹ́yìn láyé rẹ̀ wà nínú ìwé mẹ́fà, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, èdè Yorùbá sì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbikíbi. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀".

Hester Plumley lorúkọ rẹ̀. Ìgbà òtútù tó kọjá ló kú sí ilé rẹ̀ ní St. George, ní Staten Island, erékùṣù tó jẹ́ ara ìlú New York. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò láti erékùṣù náà lọ sí Manhattan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, ó sì tún ń kọ ìtàn tí àwọn òbí ń kà fún ọmọ kéékèèké. Ẹni tó bá a kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ ni Módúpẹ́, tí a ń pè ní Dúpẹ́, ọmọ Ìbàdàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn.

Ọmọ àbúrò olóògbé, tí ogún tọ́ sí, sọ fún kóòtù pé Dúpẹ́ ló jókòó hun ọ̀rọ̀ náà, tó wá fi orúkọ òkú bò ó. Bí kóòtù bá gbà bẹ́ẹ̀, Dúpẹ́ di òpùrọ́, wọn yóò sì gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ ogbó mi.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ ìròyìn ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ ọkùnrin àti èmi la jọ lo tábìlì kan títí ikú fi mú un lọ. Tọ́lá, ọmọ Dúpẹ́ tí wọ́n bí sí New York, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní lọ́yà àwọn ń wá ẹni tó lè ka ìwé náà dáadáa. "Uncle, mo lè gbọ́ ọ, mo lè sọ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ yẹn, bí eruku ni mo ṣe ń rí wọn." Ó tún ní: "Mọ́mì ò jẹun mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ìkúnlẹ̀ ní pápákọ̀

Ibi tí èrò ti ń jáde ní pápákọ̀ òfuurufú ni Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀ kí mi, tòun ti ẹ̀wù òtútù. Àwọn èrò ń yà fún un bí ẹni ń yà fún òpó. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan tó ń wọ́ àpótí lọ nìkan ló dúró, ó sì bi í bóyá ó ṣubú ni. Dúpẹ́ ní rárá, ẹ̀gbọ́n òun lòun ń kí. Ọkùnrin náà ní kò burú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Queens Village, àdúgbò kan ní New York, ni Dúpẹ́ àti Tọ́lá ń gbé. Mo rò pé ilé gogoro ni màá bá, torí òun là ń rí nínú àwòrán. Ilé kéékèèké ni mo bá, tí yìnyín bo koríko iwájú wọn. Ará Haiti ni aládùúgbò wọn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín iwájú ilé tirẹ̀, ó sì kó ti Dúpẹ́ mọ́ ọn, láìkan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Mo ní ká jáde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá lọ dúpẹ́, ojú á ti ọkùnrin náà. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, ìyá òun á gbé mọ́ín-mọ́ín sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Èmi náà jẹ nínú mọ́ín-mọ́ín yẹn. Inú ike ni wọ́n ti sè é. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ń wá òórùn ewé. Dúpẹ́ kò jẹ ju ṣíbí méjì lọ nínú tirẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àwo bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Lọ́jọ́ Àìkú a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Cambria Heights. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń ṣe irú iṣẹ́ Dúpẹ́. Wọ́n kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ ọ̀rọ̀ ìwé, wọ́n á ní ká kọ́kọ́ jẹun ná. Ọ̀kan tó dàgbà jù lára wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń rán wọn lọ sílé arúgbó ní òfin: oògùn tí arúgbó lò, oúnjẹ tó jẹ, bó ṣe sùn, ìwọ̀nyí nìkan ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, inú fọ́ọ̀mù sì ni. "Dúpẹ́ mọ òfin yìí ju gbogbo wa lọ," ló wí. "Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kí ló wá gbé e dé ìdí ìwé kíkọ? Ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀, bàbá. Kó gbà pé òun ṣe é, kó lọ tọrọ àforíjì, kó lè rí iṣẹ́ ṣe."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà fún Dúpẹ́.

Ẹni tó dá mi lóhùn

Ìsàlẹ̀ Manhattan la ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí St. George. Ọ̀fẹ́ ni. Èrò pọ̀ bí omi. Bí mo ṣe ń kọjá lọ́wọ́ wọn ni mo ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá kí á wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Tọ́lá di apá ẹ̀wù mi mú. "Uncle, ẹ rọra," ló ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Kí àgbà kí ọmọdé, kí ọmọdé má dáhùn.

Ẹ̀dà ìwé kìíní tí lọ́yà fún wa wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i lórí omi. Ohun tí mo kọ́kọ́ kà nìyí, bí Dúpẹ́, tó ń pe Hester ní Màmá, ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Màmá ní: Àlejò máa ń rò pé a ò lójú àánú ní ìlú yìí. A pọ̀ jù lójú kan ni. Bí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, àyè la máa ń fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú, kí ó ka iye ọwọ́ tó nà sí i."

Mo rántí ọkùnrin tó dúró ní pápákọ̀. Mo pa ìwé dé, ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí mọ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní St. George, bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ti ṣá. Mo kí i, ó dáhùn. Ó bi mí bóyá Nàìjíríà ni mo ti wá. Ó ní obìnrin kan láti ibẹ̀ máa ń kí òun bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nígbà tó bá ń ti arúgbó kan wọ ọkọ̀ lórí àga onítáyà. Leroy lorúkọ bàbá náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n àárọ̀ kan kì í lọ kó má wá wò wọ́n. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe kọ́ wa, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.

Ògiri Hester Plumley

Warren, ọmọ àbúrò olóògbé, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, olùkọ́ ni. Mo ti múra ìjà lọ, kọfí ló fi pàdé mi. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ó fa àga tó sún mọ́ iná fún mi, ó béèrè àlàáfíà ìyá Tọ́lá lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ bó ṣe ń béèrè.

"Mi ò kórìíra Dúpẹ́," ló wí. "Ó ṣe fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ju bí mo ti ṣe lọ. Èmi ń wá ní Kérésìmesì, òun ń wá lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

Ó mú mi wọ yàrá tí olóògbé ti ń kọ̀wé. Ògiri tó wà lókè tábìlì kún fún bébà kéékèèké tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn, òmíràn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Gbólóhùn kan péré ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Warren ní gbólóhùn ìparí ìtàn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kọ, á kàn án mọ́ ògiri, á wá máa fi ìtàn rìn lọ bá a. Láti kékeré Warren ló ti rí i bẹ́ẹ̀. "Ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí òun ń mú ọmọ ọlọ́mọ lọ, kó má fà á lọ́wọ́."

Ó wá sọ ohun tó dì mú. Ìtàn ọmọdé kan wà nínú àwọn ìwé Dúpẹ́: ìtàn obìnrin arúgbó kan tó máa ń gbé àga láti ilé rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè rí ibi jókòó. Warren ti ní kí ẹnì kan bá òun túmọ̀ rẹ̀. Kò ní ìparí. Ó dé ibi tí obìnrin náà ti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì dúró síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí kò mọ òpin rẹ̀," ló wí. "Ẹlòmíràn ló bẹ̀rẹ̀ èyí."

Mo mu kọfí náà tán. Ó korò.

Ìwé kẹrin

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ẹ̀dà ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Queens Village, tí Dúpẹ́ ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àìsàn ti mú ọwọ́ Màmá máa gbọ̀n, wọn kò lè di gègé mú mọ́. Wọn kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í mi orí bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bí Dúpẹ́ bá ti wẹ̀ fún wọn, tó di irun wọn tán, wọn á máa sọ, á máa kọ. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń kọ, ọ̀rọ̀ sì ń fi í sílẹ̀ lọ. Ni Màmá bá ní kó kọ ọ́ ní èdè tí ọwọ́ rẹ̀ lè fi sáré. Ní ìrọ̀lẹ́, kó tó lọ sílé, á ṣí ìwé, á túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn létí, wọn á sì tún ibi tó bá kù díẹ̀ ṣe.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ ènìyàn púpọ̀. Mo mọ ohùn tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo bí mo bá rí i. "Màmá ní: Ọmọdé kò ní ká má sọ òótọ́ tó le fún òun. Ohun tó ń fẹ́ ni pé ká jókòó ti òun bí a bá ń sọ ọ́." Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo dé ìwé kẹrin, níbi tí ìtàn obìnrin tó ń gbé àga yẹn wà. Mo rí ohun tí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún Warren fò dá. Kí ìlà kìíní ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, odindi ojú-ìwé kan wà lófìfo. Dúpẹ́ kì í fi bébà ṣòfò. Ó ń kọ̀wé dé etí, ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pàápàá. Nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ojú-ìwé kan yìí nìkan ni kò sí nǹkan nínú rẹ̀, iwájú ìtàn ló sì wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rántí ògiri tí Warren fi hàn mí.

Mo pe Dúpẹ́ láti ilé ìdáná. Ó nu ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga wà. Mo gbé ojú-ìwé náà síwájú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni Màmá sọ ní òwúrọ̀ tó fi èyí sílẹ̀.

Ìkòkò hó dànù ní ilé ìdáná, Tọ́lá lọ pa iná.

"Ìparí ìtàn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Obìnrin tó ń gbé àga yẹn kú. Ẹni bá mọ Màmá mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun wọn tán, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́. Ọwọ́ mi ò gbé e. Ọmọ wo ló ń kọ ikú àgbà sílẹ̀ tí àgbà ń wò ó lójú?"

Mo béèrè bó ṣe ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó yẹ kó kà á fún wọn. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Mo ṣí ibi òfìfo yẹn, mo sì kà á jáde bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n má yí nǹkan kan. Wọ́n kú pẹ̀lú èrò pé ó wà nínú ìwé. Mo ní tó bá di ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, màá wá kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ gan-an ni lọ́yà tó ń rí sí ogún wọn wá kó àwọn ìwé lọ. Mo tan arúgbó jẹ, Ẹ̀gbọ́n. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún?"

Tọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìdérí ìkòkò lọ́wọ́. Kò gbọ́ ọ rí, òun náà.

Mo ní kí Dúpẹ́ sọ ìparí náà fún mi. Ó sọ ọ́ láìdúró, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ká bébà náà sí àpò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo padà lọ sí ibùdókọ̀ ní St. George.

Ohun tí Leroy gbọ́

Leroy wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mi ò dárúkọ ìtàn kankan fún un. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Mo kàn bi í pé kí ni arúgbó orí àga onítáyà yẹn máa ń bá a sọ.

Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá wọn ni, torí àwọn bàbá àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Bí Dúpẹ́ bá lọ ra tíì, òun ló máa ń di àga náà mú kó má yí. Ó ní ní ọjọ́ kan báyìí, Hester sọ fún òun pé òun ń ṣe ìtàn obìnrin kan tó ń gbé àga wọ ọkọ̀.

"Mo bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà," ló wí. "Ó ní ó kú. Lọ́jọ́ kejì, àga rẹ̀ wà níbẹ̀. Èrò kún ọkọ̀, gbogbo wọn dúró, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin kékeré kan gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní rárá, òun á jókòó síbẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀."

Mo yọ bébà àpò mi, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó bá tirẹ̀ mu, tó fi dé orí ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀. Leroy ṣí fìlà rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó sọ ọ́ fún mi, mo sì sọ fún un.

"Kò sẹ́ni tó bi mí," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mo wà níbí."

Níwájú adájọ́

Kóòtù tó ń rí sí ogún olóògbé kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Obìnrin ni adájọ́, kì í gbé ohùn sókè. Nígbà tí lọ́yà wa ti ṣàlàyé tán, ó ní ẹnu Dúpẹ́ gan-an lòun fẹ́ gbọ́. Dúpẹ́ dìde. Mo ti ń bẹ̀rù pé yóò fo ibi tó le. Kò fò ó. Ó sọ bó ṣe fi ojú-ìwé sílẹ̀, ó sì sọ bó ṣe ka ohun tí kò kọ sí etí arúgbó.

"Níbi tí mo ti wá, a kì í fi ọwọ́ wa kọ ikú àgbà tó wà láàyè," ló wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Mi ò jẹ́ ẹ."

Warren gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi í tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ lọ́yà, bóyá ìparí ni olóògbé sọ kó tó sọ ìbẹ̀rẹ̀. Dúpẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Warren fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì béèrè ohun mìíràn.

Adájọ́ kọjú sí èmi náà. Ó ní òun gbà pé mo gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilé Dúpẹ́ ni mò ń sùn, oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ, nítorí náà kíkà mi kò lè jẹ́ kíkà kóòtù. Òótọ́ ló sọ. Bí èmi ni mo wà nípò rẹ̀, ohun tí màá sọ nìyẹn.

Kò dá ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé kóòtù ló ka ohun tó kù ní ṣíṣe. Ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò wà nínú àpótí kóòtù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ wọ́n jáde. Ògbufọ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Leroy yóò wá búra, yóò sì sọ ohun tó gbọ́. Àjọ tó ń fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní ìwé-àṣẹ ti kọ̀wé pé àwọn kò ní fọwọ́ kan ti Dúpẹ́ títí kóòtù yóò fi sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì lẹ́yìn Àjíǹde, Dúpẹ́ yóò wá ní òun nìkan. Wọn yóò ṣí ìwé kẹrin síwájú rẹ̀. Kò ní kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ojú-ìwé òfìfo yóò wà lófìfo. Wọn yóò fún un ní bébà tó ṣe déédéé rẹ̀, yóò kọ déètì ọjọ́ náà sókè, yóò sì kọ ohun tí olóògbé ní kó kọ nígbà náà, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ní ojú akọ̀wé.

Akọ̀wé béèrè bóyá ó ní ìbéèrè. Dúpẹ́ ní ọ̀kan péré ni. Ó béèrè bóyá wọ́n á gbà kí òun kúnlẹ̀ díẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, torí òun ní àforíjì láti tọrọ.

Akọ̀wé wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ó wo adájọ́. Adájọ́ ní kò sí ohun tó lòdì sí i nínú àṣẹ tí òun pa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní kán an lójú. Àga yóò wà níbẹ̀, kí ó jókòó sí i nígbà tó bá ti ṣe tán.